Dúróòmù Tí Bámijókò Fi Sílẹ̀ Lọ

Ìrọ̀lẹ́ ìkórè ọdún 1954 ni Gabriel Bámijókò dìde láàárín ìjọ ní Ìṣẹ́ Èkìtì, tí ó rìn gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, tí ó sì pa àtùpà mọ́ àlùfáà lójú. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tí kò tíì rò ó fún ọmọ rẹ̀.

Àlùfáà Adéwùmí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi pẹpẹ ni, nínú aṣọ funfun gbalaja, ó ti mú ìṣáná dání láti tan àbẹ́là. Bámijókò sì ti ń na imú sókè láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ orin ìwọlé. Morẹ́nikẹ́, ìyàwó rẹ̀, fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà.

"Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ dákun, ọjọ́ ìkórè lónìí o."

Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wò ó. Ó ti dìde.

"Ẹ má tan uná kankan o! Bẹntiróòlù wà nínú àtùpà yìí! Umú mi ti gbọ́ ọ!"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn nílé, lọ́jà, níwájú Ọlọ́run. Uná ni tirẹ̀, umú ni tirẹ̀, ulé ni tirẹ̀. Kí àwọn tó kàwé máa sọ iná àti imú kiri. Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó ti yí àtùpà ńlá ibi pẹpẹ pa. Òkùnkùn bo ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọdé figbe ta, ẹnì kan tẹ adìẹ ìkórè mọ́lẹ̀, adìẹ náà sì fò lọ bà lé orí ìyá ẹgbẹ́ akọrin.

Wọ́n gbé àtùpà náà jáde, wọ́n tú epo inú rẹ̀ sínú abọ́. Bámijókò tẹ̀ba, ó gbóòórùn rẹ̀ títí. Kẹrosíìnì gidi ni, kò ní àbùkù kankan. Ìjọ ti ń kùn, àwọn àgbà ti ń sọ pé wọ́n máa gba ipò tó dì mú nínú ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àfi bí ó ṣe tún na imú sókè, tí ó ń tẹ̀ lé òórùn náà lọ díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn, tí ó fi dé ọ̀dọ̀ Àlùfáà Adéwùmí, tí ó sì gbóòórùn àyà aṣọ rẹ̀.

"Bàbá wa, kí lẹ fi nu aṣọ yìí?"

Àlùfáà kọ́kọ́ wúkọ́. Ó ní ọbẹ̀ iyán ọ̀sán ló ta sí òun láyà, epo pupa rẹ̀ kò sì gbọ́ ti ọṣẹ, ni òun bá tọrọ bẹntiróòlù díẹ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà kan, òun fi nù ún kí òun tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ náà ṣì tutù. Kì í ṣe àtùpà ló fẹ́ gbiná lálẹ́ ọjọ́ náà, àlùfáà ni.

Ìtàn yìí ni wọ́n ń rò níwájú ilé lọ́jọ́ tí wọ́n sin Bámijókò, ní àárín òjò ọdún 1957. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì fi omi ojú náà ṣe ẹkún, nítorí ọ̀nà ẹ̀rín àti ti ẹkún kò jìn síra. Morẹ́nikẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sínú yàrá nínú aṣọ dúdú opó, ó kọjú sí fèrèsé ẹ̀yìnkùlé. Dúróòmù epo kan wà lábẹ́ àtíbàbà níbẹ̀, epo inú rẹ̀ ti bàjẹ́, ọkọ rẹ̀ sì ti lọ láì bójú tó o tán.

Kẹrosíìnì ni Bámijókò ń tà, níwájú ilé, lójú ọ̀nà tó lọ sí Emùré. Ẹni tó bá fẹ́ ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìgò rẹ̀ hàn án, kó gbóòórùn ẹnu ìgò náà. Obìnrin kan wá láti ọ̀nà Ọ̀rún lọ́jọ́ kan. Bámijókò fi ìgò rẹ̀ símú, ó gbé e padà fún un.

"Bẹntiróòlù ti wọ inú ìgò yìí rí."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín, Bàbá. Alùpùpù ni wọ́n ń gùn."

"Fi eérú àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí o sá a sóòrùn."

Obìnrin náà lọ, ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó padà wá. Bámijókò tún gbé e símú. Ó ní kó tún un fọ̀. Nígbà tí ó dé lẹ́yìn ìyẹn, tí Bámijókò tún ń na imú sí i, obìnrin náà fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá, epo ni mo wá rà lọ́dọ̀ yín ni, àbí ìrìbọmi ni mo wá gbà?"

Wọ́n ń bú u, wọ́n ń sín in jẹ, wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Onímú. Ṣùgbọ́n ẹ wá wò ó nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú: ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń to ìgò sí.

Ká má purọ́, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni orí rẹ̀ máa ń pé. Ẹ ò rántí ti lọ́rì tó ṣubú lójú ọ̀nà Emùré? Dúróòmù bẹntiróòlù ló kó. Awakọ̀ kò fara pa, àmọ́ dúróòmù fọ́, epo ń dà, gbogbo àdúgbò sì sáré jáde tòun ti báàfù, tòun ti igbá. Ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ mọ ohun tó fẹ́ fi bẹntiróòlù ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, ó parí. Bámijókò sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń kígbe pé epo yìí máa pa wọ́n nínú ulé wọn. Wọn kò dá a lóhùn. Ó bẹ̀ wọ́n, ó ṣépè, ó wólẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò ràn án, ó parọ́.

"Ọlọ́pàá ń bọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ o! Wọ́n ti ń mú ẹni tó ní báàfù lọ́wọ́!"

Ha! Ká ní ẹ rí bí wọ́n ṣe ń dà á nù. Inú gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí, olúkúlùkù ń sáré kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa rùn. Inú Bámijókò dùn, ó ń rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ó gbàgbé pé gọ́tà náà kò dúró sójú kan. Odò ni ó ṣàn lọ, odò tí gbogbo àdúgbò ń pọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi náà ń dán, ó ń rùn, àwọn ewúrẹ́ pàápàá kọ̀ ọ́.

Bámijókò, àgbà ọkùnrin náà, gbé ìkòkò sórí, ó ń lọ pọnmi ní odò kejì tó jìn, ó ń gbé e fún àwọn ìyá arúgbó tí kò lè rìn dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe títí òjò fi fọ odò mọ́.

"A dúpẹ́ o," ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ bà á jẹ́."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹ gbé ìkòkò yín wá."

Láti ìgbà náà ni kì í ti í gbọ́ "dà á nù" sétí lásán. Ẹni tó bá sọ fún un pé òun da epo kan nù, yóò bi í pé, "Síbo? Láti ibẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń gbé nísàlẹ̀?" Ìyọnu rẹ̀ pọ̀, àwọn ènìyàn a máa gba ẹ̀yìn ilé kọjá nítorí rẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ nìkan ló mọ ibi tí ìbẹ̀rù bẹntiróòlù rẹ̀ ti wá. Bámijókò ní àbúrò obìnrin kan, Fúnmilọ́lá, tí wọ́n jọ dàgbà. Ẹnì kan nínú ilé ọkọ rẹ̀ ló ní bẹntiróòlù tí kò wúlò fún un mọ́, ó sì ṣe é láàánú láti fi ṣòfò. Ó dà á mọ́ kẹrosíìnì inú tíìnì ilé ìdáná. Kò ní ibi lọ́kàn, ọ̀nà àtiṣọ́ nǹkan lò ni. Fúnmilọ́lá bu epo sí láńtà láti inú tíìnì náà, ó ṣáná sí i. Ohun tí wọ́n gbé jáde nínú yàrá náà, Bámijókò kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi ìyàwó rẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò tún un sọ mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà sí dúróòmù ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni lọ́rì já a sílẹ̀ fún un. Bámijókò ṣí ìdérí rẹ̀, ó gbóòórùn, ó sì tún un dé kíá. Ẹnì kan lójú ọ̀nà ti da bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì náà, bóyá nínú àìmọ̀, bóyá nínú olè. Ó mú ọ̀dà pupa, ó fi kun gbogbo orí rẹ̀, bó ṣe máa ń sàmì sí epo búburú. Bí irú rẹ̀ bá dé sí i lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ó máa ń gbé e padà sí ilé ìtọ́jú epo tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò ti wó afárá ojú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, kò sí lọ́rì tó ń kọjá. Ó ní òun yóò dúró. Ibi tí ó ti ń dúró ni àyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí ikọ́ wọlé, tí kò lè dìde mọ́.

Àlùfáà Adéwùmí wá gbàdúrà fún un lórí ẹní.

"Bàbá Ẹ̀bùn, ṣé ọkàn yín balẹ̀ nípa ọ̀run?"

"Tọ̀run kò nira, Bàbá wa. Dúróòmù tó wà lẹ́yìnkùlé yẹn ló nira."

Nígbà tí àlùfáà lọ, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ó ní kó ṣèlérí pé ẹ̀kán epo náà kò ní wọ àtùpà ẹnikẹ́ni, kò ní wọ odò, kò ní wọ oko ẹnikẹ́ni. Morẹ́nikẹ́ ṣèlérí. Bámijókò kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ẹ̀yin ará, ìlérí yẹn ṣòro. Nítorí afárá tó wó, kẹrosíìnì tán ní gbogbo ìlú. Àwọn ènìyàn padà sí fìtílà elépo pupa, èéfín dúdú ń jáde nímú wọn. Gbogbo wọn sì mọ̀ pé dúróòmù kan tó kún dẹ́mú wà nílé olóògbé. Àwọn tó wá kẹ́dùn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

"Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ sí."

"Ẹ ṣé o, ẹ kú ìdúró."

"Bàbá ti lọ. Áà, Bàbá ti lọ." Ojú obìnrin tó wá kẹ́dùn náà yí sí fèrèsé. "Wọ́n ní epo kan ṣì ṣẹ́ kù lẹ́yìn..."

"Kí ló ń dún lábẹ́ aṣọ yín yẹn?"

"Ìgò ni. Mo kàn mú un dání ni."

Bánjọ, àbúrò olóògbé, ló tún wá da gbogbo rẹ̀ rú. Àgbẹ̀ kòkó ni, ènìyàn dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè rí nǹkan kó ṣòfò. Ìgbàkigbà tí ó bá wá wo opó, ìmọ̀ràn titun ni yóò mú wá. Ìyàwó ilé sì ni Morẹ́nikẹ́, kò gbọ́dọ̀ la ohùn mọ́ ọn.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká fi kẹrosíìnì rere là á. Bí ó bá ti pọ̀ jù ú lọ, á borí ẹ̀."

"Níbo ni kẹrosíìnì rere náà wà, ọkọ mi?"

Bánjọ họrí. "Ká dà á sínú ṣálángá nígbà náà."

"Níbi tí ẹ ti ń fa páìpù tábà láràárọ̀?"

"Ó dáa, ká gbé e lọ sóko, ká dà á sídìí kòkó." Ó ronú díẹ̀. "Kì í ṣe kòkó tèmi o. Ti aládùúgbò mi ni mò ń sọ."

Morẹ́nikẹ́ kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín ni tàbí kó figbe ta. Ó ní kí ó jẹ́ kí dúróòmù náà wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi tún afárá ṣe. Bánjọ kùn jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti bójú wo dúróòmù. Ìdérí rẹ̀ ti yí, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì tutù, òórùn rẹ̀ gba imú. Ẹnì kan ti bù ú. Opó ni, kò lè jáde lọ káàkiri ìlú, bẹ́ẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà lè má dára fún ilé kan. Ó ránṣẹ́ pe Bánjọ.

"Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ gba aago ilé ìwé, ẹ lù ú yí gbogbo ìlú ká. Ẹ ní kí ẹni tó bu epo yìí má ṣáná sí i. A ò ní mú un, a ò ní bú u. Kó ṣáà má ṣáná."

Bánjọ dúró. Kò lọ. Ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ rán mi níṣẹ́ kankan, ìyàwó wa. Èmi ni."

"Ẹ̀yin kí?"

"Èmi ni mo bù ú. Ó ti wà nínú láńtà mi. Mo ṣáná títí lálẹ́ àná, kò ràn. Òjò ti mú ìṣáná wa tutù."

"Ta ló wà nínú yàrá náà pẹ̀lú yín?"

"Gbogbo wa ni. Ìyàwó mi. Àwọn ọmọ ti sùn."

Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ó gbọ́ ohun tí ó sọ. Morẹ́nikẹ́ wá sọ ti Fúnmilọ́lá fún un, gbogbo rẹ̀, bí wọ́n ṣe gbé e jáde. Ọmọdé jòjòló ni Bánjọ nígbà náà, ibà ni wọ́n sọ fún un pé ó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò tó mọ́. Nígbà tí ó dìde, ó sáré lọ sílé, ó gbé láńtà náà bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ẹyin, wọ́n dà á padà sínú dúróòmù.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbọ́ pé lọ́rì kan ti gba orí afárá tuntun kọjá. Morẹ́nikẹ́ ní òun yóò gbé dúróòmù náà lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ilé bá dàrú. Opó kì í jáde! Aṣọ dúdú rẹ̀ kò tíì gbó, ilẹ̀ ibojì kò tíì gbẹ, ó fẹ́ wọ lọ́rì lọ sí ìlú mìíràn? Àwọn àgbà ní kí Bánjọ gbé e lọ.

"Ọkọ mi," ni Morẹ́nikẹ́ bi í níwájú wọn, "bí dúróòmù yìí bá wúwo fún yín lójú ọ̀nà, tí òjò sì ń rọ̀, kí lẹ máa ṣe?"

Bánjọ jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Ó ronú. "Mà á dà á sẹ́bàá ọ̀nà."

Àlùfáà Adéwùmí ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun ni òun sin Bámijókò, òun sì mọ̀ pé ìsìnkú rẹ̀ kò tíì parí. Ohun tí ó fi sílẹ̀ lókè eèpẹ̀ ju èyí tí wọ́n bò lọ. Bí opó bá ń lọ parí ìsìnkú ọkọ rẹ̀, ta ni yóò sọ pé kó má jáde? Àwọn àgbà wo ara wọn. Bánjọ ní bí ó bá jẹ́ ìsìnkú ni, òun gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Lọ́rì awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Solomon ni wọ́n gbà. Wọ́n dá dúróòmù náà dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ há a lọ́tùn-ún lósì kó má bàa yí, wọ́n fi àpò tutù bò ó nítorí oòrùn, wọ́n sì tẹ́ ẹní lé e lórí. Morẹ́nikẹ́ na ọwọ́ sí awakọ̀.

"Sìgá yín dà?"

"Màmá, mi ò ní mu ún."

"Mo mọ̀. Ẹ kó o wá."

Solomon kó sìgá àti ìṣáná sílẹ̀ nílé opó, ó ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀. Ọkọ̀ rọra ń lọ. Morẹ́nikẹ́ jókòó ti dúróòmù nínú aṣọ dúdú, Bánjọ jókòó lódìkejì, ó fajú ro. Ní abúlé tí wọ́n kọ́kọ́ dé, àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ṣí fìlà. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, ìyá kan gbé igbá rẹ̀ sọ̀, ó káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ni ó tó yé wọn ohun tí àwọn ènìyàn rò pé ó wà lábẹ́ ẹní.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o!" ni wọ́n ń ké sí wọn.

"Ẹ ṣé o," ni Bánjọ ń dáhùn. "Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

Òótọ́ ló kúkú ń sọ.

Ẹ̀yìn ìlú Ìkẹ́rẹ́ ni ilé ìtọ́jú epo náà wà, lábẹ́ àpáta, níbi tí ilé kankan kò sí. Matthew ni orúkọ akọ̀wé ibẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Bí ó ti rí ọ̀dà pupa lórí dúróòmù ni ó ti káwọ́ lérí.

"Onímú ti dé! Ẹ ti ilẹ̀kùn! Bàbá dà?"

Ó wá rí aṣọ dúdú. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ìgbà wo?"

"Inú òjò yìí," ni Morẹ́nikẹ́ wí.

Matthew fìdí lé ẹnu ọ̀nà. Ó wá rò fún wọn bí Bámijókò ṣe gbé dúróòmù wá níjọ́ àkọ́kọ́, tí òun sọ fún un pé epo ni àwọn ń tà, àwọn kì í gbà á padà, tí bàbá náà sì ní kò burú, kí Matthew mú un lọ sí ulé ìdáná ìyàwó rẹ̀ nígbà náà, kó ṣáná sí i lójú bàbá. Kò lọ. Bàbá jókòó sórí dúróòmù títí oòrùn fi wọ̀. Ìgbẹ̀yìn, òun gbà á. Gbogbo ìgbà tó bá sì tún dé, àwọn á kọ́kọ́ jà ná, láti ẹnu géètì. Bàbá á máa bú òun, òun á máa lé e, lẹ́yìn náà àwọn á jọ jẹ uṣu sísun.

"Kò sọ fún mi pé ẹ ń bá òun jà," ni Morẹ́nikẹ́ wí. "Ó ní ẹ jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́."

Matthew nu ojú. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní kí wọ́n tú epo náà sínú táǹkì epo ìdọ̀tí, èyí tí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ń wá gbé padà. Ó ní kí wọ́n fi dúróòmù náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, nítorí ẹnì kan lè fi gba omi òjò. Ó ṣe tán pátápátá. Kò bèèrè nǹkan kan, kò jiyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ti di dúróòmù náà mú.

"Ẹ dúró," ni Morẹ́nikẹ́ wí. "Ẹ dákun, ọmọ mi, ẹ kọ́kọ́ lé wa ná."

Matthew wò ó. Ó yé e. Ó dìde, ó na ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbóhùn sókè.

"A kì í gba epo padà níbí o! Mo ti sọ fún yín! Ẹ gbé e, ẹ máa..."

Kò lè parí rẹ̀. Bánjọ ló bá gbà á, Bánjọ tí ìbá ti da epo yìí sí ṣálángá, sẹ́bàá ọ̀nà, sí oko aládùúgbò. Ó fo sókè, ó ń jùwọ́.

"A ò lọ! Ẹ̀gbọ́n mi ló ní ká gbé e wá! Bí ẹ ò bá gbà á, ibí la máa sùn!"

Àwọn òṣìṣẹ́ dúró, wọn kò mọ ẹni tó ń bínú sí ẹnì kejì. Morẹ́nikẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà lọ díẹ̀, ó yí padà. Láti ọjọ́ tí Bámijókò ti kú, obìnrin yìí kò tíì sunkún. Kò ráyè, dúróòmù ni ó ń ṣọ́. Ó jókòó sórí òkúta lábẹ́ àpáta, ó sun ún dáadáa, ó ń pe ọkọ rẹ̀ ní oríkì, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Wọ́n yí dúróòmù òfìfo náà kọjá níwájú rẹ̀. Kò gbójú sókè wò ó.